Ẹ ní a kì í wá: lẹ́tà ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera ìpínlẹ̀ wa lórí àyẹ̀wò ọyàn

Kọmíṣọ́nnà wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́.

Kọ́mú ni mo ń tà. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti wà nídìí rẹ̀ ní ọjà wa. Mo gba ìwé ẹ̀rí NCE, n kò ríṣẹ́ tíṣà, ni ìyá mi bá fa ìsọ̀ wọn lé mi lọ́wọ́. Òkìrìkà ni mo ń tú. Mo fi àǹkárá méjì ta ìkélé sí ẹ̀yìn ìsọ̀, ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti ń wọ ọjà wò kí wọ́n tó sanwó. Bí a bá yọ nọ́ọ̀sì kúrò, n kò rò pé ẹnì kan wà ládùúgbò wa tó ń rí ọyàn obìnrin lójoojúmọ́ bí mo ṣe ń rí i. Mo ń rí owó tí wọ́n ká sábẹ́ rẹ̀, mo ń rí àpá oówo tó ti jinná, mo sì ń rí ohun tí kì í ṣe oówo.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ẹ ní ìjọba ti dá àyẹ̀wò ọyàn ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ dúró ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ẹ ní àwọn obìnrin kì í wá. Ẹ ní àìmọ̀kan àti ìgbàgbọ́ òdì ló dè wọ́n mọ́lẹ̀, pé ó di oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìrìn aláṣọ píǹkì, kí a tó tún gbọ́ nípa rẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ló wà nísọ̀ mi nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé kọ́mú tó ti yàn sílẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní, "Ìyá Dámilọ́lá, èmi tí mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta ńkọ́? Ṣé èmi náà wà lára àwọn tí kì í wá?"

N kò rí èsì fún un. Ọwọ́ yín ni èsì ìbéèrè yẹn wà, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta kí gbogbo ìlú lè bá wa kà á.

1. A wá.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo fi ń kọ gbèsè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ iye àwọn tó bá mi lọ sí. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn èèyàn lọ, obìnrin 11 ló tẹ̀ lé mi láti ọjà ní aago mẹ́jọ àárọ̀. A dé ẹnu fèrèsé tí wọ́n ti ń gba káàdì, akọ̀wé ibẹ̀ nàró, ó pariwo láàárín èrò pé, "Àwọn tó wá fún ọyàn, ẹ bọ́ sẹ́yìn!" Gbogbo ọlọ́kadà tó wá gba oògùn ibà ló yíjú wò wá. Méjì nínú àwọn èèyàn mi fa gèlè bojú, wọ́n sì bá ọ̀nà ọjà padà. A jókòó títí di aago mọ́kànlá kí wọ́n tó sọ fún wa pé nọ́ọ̀sì tó ń ṣe é ti lọ ìpàdé láti àná.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a kù méje. Nọ́ọ̀sì wá ní ọ̀sán gangan. Obìnrin tó níwà tútù ni, n kò ní fẹ̀sùn kàn án. Ṣùgbọ́n yàrá tí wọ́n fún un kò ní ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ náà ni fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wọlé wá mú yìnyín nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta elùbọ́ wà níhòòhò láti ìdí ìró sókè, tí wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi bo àyà. Ó yẹ àwọn mẹ́rin wò, aago méjì lù, wọ́n ti ibẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a kù mẹ́ta, wọ́n ní ìbọ̀wọ́ ti tán, kí kálukú lọ ra tirẹ̀ wá.

Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orúkọ àwọn mẹ́rin péré ló wọ ìwé wọn. Àwọn tí wọ́n dá padà kò ní orúkọ níbì kankan. Nítorí náà nígbà tí ẹ wo ìwé tí ẹ sì rí mẹ́rin, òótọ́ lẹ rí. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò ka ẹni tó wá, ẹni tí wọ́n rójú gbọ́ tiẹ̀ ló kà. Ẹ tún rántí pé alátà àti ẹlẹ́ja tútù ló wà nínú wọn. Ọjọ́ kan tí alátà kò pàtẹ, ata ti rọ̀, owó ti lọ.

Ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ka nǹkan kan fún mi nínú ìwé rẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Amẹ́ríkà ń fi mọ́tò gbé ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú àyà kiri àdúgbò, kí wọ́n lè tètè rí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà nítòsí ilé wọn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kò jáde. Àwọn onímọ̀ tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ kò ní kí wọ́n gbé mọ́tò náà padà wálé. Wọ́n lọ bi àwọn èèyàn léèrè: ṣé o rò pé àrùn yìí lè ṣe ìwọ náà? Bó bá ṣe ọ́, ṣé ó le lójú rẹ? Ṣé o gbà pé àyẹ̀wò yìí wúlò? Kí ló ń dí ọ lọ́wọ́? Àwọn ìbéèrè yẹn ló di ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì títí dòní. Ní 1984, onímọ̀ kan, Victoria Champion, tò ó jọ fún ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ọyàn gan-an, kí wọ́n lè máa fi wádìí lọ́wọ́ àwọn obìnrin.

Kọmíṣọ́nnà, kò sẹ́ni tó bi wá rí. Ẹ kàn sọ ohun tó wà nínú wa fún wa lórí rédíò ni. Èmi ni mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ìkélé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí àwọn obìnrin ṣe ń sọ ọ́, àti ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ.

2. "Kò dùn mí."

Nínú gbogbo ohun tí mo ń gbọ́, gbólóhùn tó ń pa wá jù nìyí. Ìyá kan tó ń ta ẹyin wá ra kọ́mú lọ́dọ̀ mi. Méjìlélógójì ni wọ́n ń wọ̀. Mo bá wọn de ẹ̀yìn rẹ̀, apá ọ̀tún jókòó dáadáa, apá òsì kò wọlé. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ síwájú kí n bá wọn gbé e sínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí awọ ibẹ̀. Ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn, orí ọmú sì ti fà wọnú. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ló ti rí báyìí. Wọ́n ní láti ìgbà tí àgbàdo tuntun ti jáde. Mo ní, "Mà, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ sílé ìwòsàn lónìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n fi ìka tẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níṣojú mi, wọ́n ní, "Wò ó, kò dùn mí rárá." Wọ́n ra èyí tó tóbi jù ú lọ, wọ́n sì ká áńkáṣífù sínú apá ọ̀tún kí méjèèjì lè dọ́gba lábẹ́ bùbá.

Wọn kò rí àgbàdo ọdún kejì.

Ẹni tó bá fẹ́ pe èyí ní àìmọ̀kan, kó kọ́kọ́ wá jókòó sí ilé ìwòsàn wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n ń bi èèyàn lẹ́nu fèrèsé káàdì ni, "Kí ló ń dùn yín?" Bí o bá ní kò sí, wọ́n á ní kí o yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹni tára ń ni lè kọjá. Láti kékeré wa la ti ń gbọ́ ìbéèrè yìí. Ó ti kọ́ wa pé ìrora ló ń gbani wọlé síbẹ̀, pé ẹni tí nǹkan kò dùn kò ní nǹkan tó ń wá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, jẹjẹrẹ ọyàn kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Kókó tó le, tí kò dunni, tí kò sì lọ nígbà tí nǹkan oṣù ti wá tó sì ti lọ, òun gan-an ló yẹ kó gbé obìnrin dìde. Ilé ìwòsàn ló kọ́ ìyá ẹlẹ́yin ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà gbọ́ yẹn. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó kọ́ wa ní òmíràn.

Kí wọ́n sì sọ apá kejì òtítọ́ náà pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ kókó inú ọyàn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo ti sọ èyí fún àwọn obìnrin tí ojú wọn ti ṣú, mo rí i bí èjìká wọn ṣe wálẹ̀, tí wọ́n sì ń béèrè ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ikú nìkan la ń gbọ́ nínú ìkéde ìjọba. Ikú kì í pe èèyàn jáde nílé.

3. "Ẹni tó bá lọ kì í padà bọ̀."

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, torí ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀.

Àbúrò ìyá mi rí kókó kan tó tó ẹyọ ẹ̀pà lábẹ́ ọyàn òsì wọn. Wọn kò fi pamọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní wàrà ló dì, wọ́n sì kọ oògùn fún àǹtí mi. Àbíkẹ́yìn wọn ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà. Wàrà ti ibo wá? Àǹtí mi lo oògùn náà tán, wọ́n padà lọ, àwọn òṣìṣẹ́ fún wọn lóògùn mìíràn. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó kọ ìwé lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Níbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n lọ ya àwòrán ọyàn ní ìlú mìíràn. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní kí wọ́n máa retí èsì. Kókó ẹ̀pà ti di àgbálùmọ̀ kí èsì tó jáde.

Oṣù méje ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ètò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, gbé kalẹ̀ ní 2021 lórí jẹjẹrẹ ọyàn ní kó má ju 60 ọjọ́ lọ, láti ọjọ́ tí obìnrin bá kọ́kọ́ fi ara han òṣìṣẹ́ ìlera títí di ọjọ́ tí yóò mọ ohun tó ń ṣe é.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi kú. Ẹ wá wo ohun tí àdúgbò rí. Wọ́n rí obìnrin tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ, tí ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé wọ́n gbé abẹ lé e. Wọ́n rí áńbúláǹsì tó gbé e padà. Oṣù méje kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Abẹ ló hàn. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ní kí ẹnì kan lọ yẹ ọyàn rẹ̀ wò, ohun tó ń sọ fún mi ni pé, "Bí abẹ bá ti kàn án, á fọ́n ká. Ṣé o ti gbàgbé àǹtí yín ni?" Abẹ kọ́ ló fọ́n ọn ká. Ìgbà tí abẹ fi máa dé, ó ti fọ́n ká. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ẹnu lásán pa ohun tí wọ́n fi ojú rí rẹ́?

Ohun kan wà tí àdúgbò kò rí. Mo ní oníbàárà mẹ́rin tí wọ́n ti gé ọyàn kan fún, tí wọ́n wà láyé, tí wọ́n ń tajà, tí wọ́n ń jó níbi ìgbéyàwó. Ọ̀kan ti lo ọdún 12. Mo ń bá wọn rán àpò kékeré sínú kọ́mú, mo ń fi fóòmù àti ìrẹsì díẹ̀ dí i kó lè wúwo bí èkejì. Wọn kì í wá ní ọ̀sán. Wọ́n á dúró títí àwọn oníbàárà yòókù yóò fi lọ tán, wọ́n á wọ ẹ̀yìn ìkélé, wọ́n á sì bẹ̀ mí kí n má sọ fẹ́nì kankan. Àdúgbò mọ gbogbo àwọn tó kú. Èmi nìkan ni mo mọ àwọn tó yè. Kọmíṣọ́nnà, bí ẹ bá wà ní ipò wọn, kí ni ẹ̀yin náà yóò gbà gbọ́?

Ìdí nìyí tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún Betty Anyanwu-Akeredolu. Nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ lára wọn ní 1997, wọn kò gbé e pamọ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ BRECAN tó ń bá jẹjẹrẹ ọyàn jà sílẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé ó ṣe mí, mo sì wà láàyè. Ogún ọdún kí wọ́n tó di ìyàwó gómìnà ní Òǹdó nìyẹn, nígbà tí kò sí ipò kankan tó dáàbò bò wọ́n. Irú wọn wà ní gbogbo ọjà. Ẹ kò tíì wá wọn ni.

4. "Kò sí irú ẹ̀ nílé wa."

Wọ́n á ní ìyá wọn kò ṣe é, ìyá bàbá wọn kò ṣe é. Wọ́n á ní ọmọ mẹ́fà làwọn fún lọ́mú. Òótọ́ ni pé fífún ọmọ lọ́mú ń dín ewu rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kì í mú un kúrò. WHO sọ pé bí ìdajì àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ni kò ní ohun kan pàtó tó lè fà á, yàtọ̀ sí pé wọ́n jẹ́ obìnrin tí ọjọ́ orí wọn sì ń lọ sókè.

Àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ìkéde yín ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, torí ìyá arúgbó ló máa ń wà nínú àwòrán rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di àgbà ọ̀jẹ̀ ní Yunifásítì Chicago, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ìwádìí hàn pé ó máa ń tètè mú àwa obìnrin adúláwọ̀, irú èyí tó burú tó sì ń sáré wọ́pọ̀ láàárín wa. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó ń fún ọmọ lọ́mú lè ní i, kí gbogbo ènìyàn máa pè é ní wàrà.

Mo fẹ́ fi ẹ̀rí tèmi kún un, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tà á: kọ́mú dúdú kì í fa jẹjẹrẹ. Owó tí ẹ ká sínú rẹ̀ kì í fà á. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ èyí, ọ̀pọ̀ ló sì ti gbà, torí pé ẹni tí wọ́n mọ̀ ló sọ fún wọn.

5. "Mo kọ̀ ọ́."

Èmi náà ń gbàdúrà, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdúrà àwọn obìnrin wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Obìnrin tó bá jókòó sábẹ́ pátákó tí wọ́n kọ JẸJẸRẸ sí gàgàrà, lójú rẹ̀, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe ohun tí kò fẹ́ ni. Kí ló dé tí àwọn obìnrin kan náà yìí fi ń tò lẹ́sẹẹsẹ nígbà tí wọ́n bá wá wọn ìfúnpá ní ọjà wa? Torí pé àyẹ̀wò ara ni wọ́n pè é. Ẹ so méjèèjì pọ̀. Ẹ pè é ní àyẹ̀wò ara obìnrin. Ẹni tó bá wọlé láti wọn ìfúnpá, kí nọ́ọ̀sì yẹ ọyàn rẹ̀ wò níbẹ̀.

Àwọn kan gbà pé àfiṣe ni, pé ọ̀tá ló ta ọfà sí wọn lọ́yàn. Àwọn wọ̀nyí kì í kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì rárá. Ọ̀dọ̀ ìyá eléwé ọmọ tó wà ní ìlà kẹta sí ìsọ̀ mi ni wọ́n ń lọ, tàbí ọ̀dọ̀ àlùfáà. Mo ti bá ìyá eléwé ọmọ sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé kókó ọyàn tí wọ́n rí lọ́dún kan kì í kéré, pé àwọn náà mọ èyí tí apá àwọn kò ká, ṣùgbọ́n pé ìgbà kan tí wọ́n darí ẹnì kan sí ilé ìwòsàn, wọ́n bú obìnrin náà níbẹ̀ pé kí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ eléwé. Láti ìgbà náà, ìyá eléwé ọmọ kò darí ẹnikẹ́ni mọ́. Ta ló pàdánù níbẹ̀?

Àwọn àgbà ní àrùn la lè wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Àwọn obìnrin tó ń sọ ìdajì kejì fún mi pọ̀. Ìdajì kìíní náà wà lẹ́nu wọn. Ẹni tí yóò bá wọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni kò sí.

6. Ọ̀rọ̀ ọkọ.

Èyí kò gùn. Obìnrin kan tó rí kókó lọ́yàn rẹ̀ sọ fún mi pé òun kò bẹ̀rù ikú tó bí òun ṣe bẹ̀rù pé kí ọkọ òun rí òun pẹ̀lú ọyàn kan. Ẹ máa bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ ní gáréèjì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ sọ fún wọn pé bí a bá tètè rí i, ó ṣeé ṣe kí dókítà yọ kókó nìkan láìgé ọyàn. Ẹ sì sọ fún wọn pé ó ń ṣe ọkùnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ẹyọ kan tàbí ẹyọ kan péré ni nínú ọgọ́rùn-ún.

Kọmíṣọ́nnà, ohun tí a ń béèrè nìyí.

Ẹ dá àyẹ̀wò Ọjọ́bọ̀ padà. Kí ó wà ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn, kí obìnrin máa ṣe é, kí wọ́n máa ṣí i di ìrọ̀lẹ́ ní ọjọ́ kan lóṣù fún àwa tí a ń pàtẹ láàárọ̀. Kí akọ̀wé káàdì má ṣe pe ọyàn ẹnikẹ́ni láàárín èrò mọ́. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Ẹ má sọ fún wa pé àìsí ẹ̀rọ ló fà á. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọyàn dára, ẹ rà á bí agbára bá ká a, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n kọ́ dáadáa ń ṣiṣẹ́. Ní Mumbai ní ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 1998 láàárín obìnrin tó lé ní 150,000. Àwọn obìnrin àdúgbò tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló ń fi ọwọ́ yẹ ìdajì wọn wò, lọ́dún méjì-méjì. Nígbà tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2021, lẹ́yìn nǹkan bí 20 ọdún, ó hàn pé wọ́n ń rí àrùn náà nígbà tó ṣì kéré, ikú rẹ̀ sì dín ní bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó ti pé 50 ọdún. Láàárín àwọn tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀, ikú kò dín lọ́nà tó hàn gbangba, n kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ìdí sì nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ fi gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọn yóò máa wò lára wọn, kí ilé ìwòsàn sì gbà wọ́n wọlé ní ọjọ́ tí wọ́n bá dé, ì báà dùn wọ́n, ì báà má dùn wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé wa kàwé, wọ́n gbọ́n. Ẹ kọ́ wọn.

Ẹ la ọ̀nà kan láti ẹnu ilé ìwòsàn alábọ́dé títí dé ibi tí èsì yóò ti jáde, kí 60 ọjọ́ sì jẹ́ òfin níbẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ kedere sínú ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa pé àwòrán ọyàn àti àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé wà lára ohun tí yóò san. Láìsí ọ̀nà yìí, àyẹ̀wò kò wúlò. Ẹ ó kàn máa sọ fún obìnrin pé nǹkan wà lára rẹ̀ ni, ẹ ó sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù.

Ẹ gba àwọn obìnrin tó ti là á já síṣẹ́, kí ẹ sì sanwó fún wọn. Ẹnì kan péré ní ọjà kan tó. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tèmi ti sọ pé òun yóò ṣe é, bí ìjọba bá lè dúró ti òun.

Ẹ pe àwọn eléwé ọmọ, àwọn pásítọ̀ àti àwọn áfáà jókòó. Ẹni tí wọ́n bá darí wá, kí ẹnikẹ́ni má bú u.

Kí ẹ sì máa gbé iye jáde lóṣooṣù: àwọn tó wá, àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, àwọn tí wọ́n dá padà àti ìdí rẹ̀, àwọn tó gba èsì. Bí ẹ bá ka àwọn tí wọ́n dá padà, ẹ kò tún ní sọ pé a kì í wá.

Orúkọ obìnrin 34 ló wà lẹ́yìn ìwé gbèsè mi báyìí. Ẹni tó béèrè ìbéèrè ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ló wà lórí ìlà kìíní. Ó ní òun yóò lọ lẹ́ẹ̀kẹrin. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, a ó wà níwájú ilé ìwòsàn náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí ilẹ̀kùn, mo máa gbé ìkélé mi dání.

Èmi ni tiyín nínú ìṣòótọ́,
Ìyá Dámilọ́lá,
ìsọ̀ kọ́mú, ìlà àwọn olókìrìkà